Bọ́dì Ni Ká Gbé Ga, Àbí Ẹsẹ̀? Ẹ̀kọ́ Tí Kùkùté Kan Kọ́ Mi

Ọ̀rọ̀ inú ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra 4Runner tòkunbọ̀ kan, òun sì fẹ́ kó ga sí i. Ẹni tó fẹ́ bá a ṣe é wá ní kó yan ọ̀kan: ṣé kí àwọn gbé bọ́dì ọkọ̀ náà ga ni, àbí kí àwọn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ mọ́tò. Èwo ni kí n ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè náà kọ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín o, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n" tó sọ yẹn ni. Àbúrò mi, méjèèjì ni mo ti ṣe. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo sanwó kí wọ́n tó bá mi ṣe é, mo tún sanwó kí wọ́n tó bá mi tú u. Nítorí náà, kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọdún 2006 ni wọ́n ṣe 4Runner tèmi. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń dá oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Ìgbòọrà, Màámi sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo máa ń gba ọ̀nà Èrúwà lọ kí wọn. Ìgbà tí mo bá yà kúrò ní títì bọ́ sọ́nà oko ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹ̀gẹ́ ti fi táyà gbẹ́ ojú ọ̀nà náà sí ipa méjì, àárín rẹ̀ wá ga bí ẹ̀yìn ìjàpá. Lórí ẹ̀yìn ìjàpá yẹn ni kùkùté igi kan wà.

Kùkùté yẹn ti mọ̀ mí dáadáa. Bí mo bá ti ń kọjá báyìí, gbàù! Á gbá ìdí ọkọ̀ mi. Mo wá sọ fún ara mi pé ọkọ̀ yìí ti kúrú jù. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè ni pé: irin wo gan-an ni kùkùté yìí ń gbá? Mi ò béèrè. Orí YouTube ni mo gbà lọ, mo ń wo àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà tí jíìpù wọn ga bí ilé alájà, ojú mi sì wọ̀ ọ́.

Mo lọ bá bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún jíìpù ṣe. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi lélẹ̀. Ínǹṣì mẹ́ta la máa fi gbé e. Ọjọ́ kan péré ni." Ó gé páìpù irin nílànnìlàn, ó ki wọ́n bọ abẹ́ bọ́dì, ó fi bóòtù gígùn dè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí mo lọ gbé ọkọ̀ náà, ó dùn ún wò! Àwọn tó ń ta epo ń kí mi ní "Ṣíámánù." Mo ya fọ́tò, mo gbé e sí status. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba ọ̀nà oko lọ. Mo dé ibi kùkùté, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rọra tẹ iná.

Gbàù!

Kùkùté kan náà, irin kan náà, ariwo kan náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Èmi tún wá sanwó kí n tó mi tèmi.

Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká jọ wo abẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ bíi 4Runner, Prado àti Hilux, ẹ pín in sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni bọ́dì: ibi tí ẹ jókòó sí, ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìkejì ni ṣáàsì, irin gígùn méjì tí wọ́n fi irin kéékèèké so pọ̀ bí àkàbà tí a gbé dùbúlẹ̀. Òun ló gbé ẹ́ńjìnnì, gíà àti táǹkì epo. Ìkẹta ni ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ẹsẹ̀: táyà, sípíríìn, ṣọ́ọ̀kì, àti àwọn apá irin tó so wọ́n mọ́ ṣáàsì.

Bọ́dì jókòó lórí ṣáàsì, ṣáàsì jókòó lórí ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé bọ́dì ga, àárín bọ́dì àti ṣáàsì ni wọ́n máa ki nǹkan sí. Bọ́dì nìkan ló máa gòkè. Táǹkì epo wà níbi tó wà. Gíà wà níbi tó wà. Irin roboto tó wà láàárín àṣù ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní diff, wà níbi tó wà. Diff yẹn gan-an ni kùkùté ń gbá.

Ẹ wò ó báyìí: obìnrin tó wọ bàtà gogoro ga, èyí tó wé gèlè gogoro náà ga. Ṣùgbọ́n bí ẹrọ̀fọ̀ bá wà nílẹ̀, ta ni ìró rẹ̀ máa yí? Gèlè ni mo wé fún ọkọ̀ mi.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé bọ́dì ga rárá o. Ó ní ibi tó ti wúlò. Bí ẹ bá fẹ́ fi táyà ńlá sí i, tí táyà náà sì ń ha etí mádígáàdì, bọ́dì tó gòkè díẹ̀ máa fún táyà láyè. Kò sì fọwọ́ kan sípíríìn tàbí ṣọ́ọ̀kì, nítorí náà bí ọkọ̀ ṣe ń gbé yín tẹ́lẹ̀ náà ló máa ṣe máa gbé yín. Ínǹṣì kan, tí wọ́n bá fi sípéésà gidi tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà ṣe é, kì í sábà fa wàhálà.

Tó bá ti di ínǹṣì mẹ́ta, ẹ rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Gbogbo ohun tó ti inú bọ́dì kọjá sí ṣáàsì ni wọ́n máa fà: irin stíárìn, rọ́bà tí epo ń gbà wọ táǹkì, páìpù bíréèkì, wáyà iná, ọ̀pá gíà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n wò, kí wọ́n tún un ṣe. Bọ̀ọ̀dá tó bá mi ṣe tèmi kò wò wọ́n. Èmi náà ò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè.

Ọjọ́ tí mo gbé Màámi

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Màámi ní láti wá sí Ìbàdàn kí dókítà yẹ ojú wọn wò. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n dúró. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, kò débẹ̀. Wọ́n di ilẹ̀kùn mú, kò débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ gbé àpótí ìdáná wá kí wọ́n tó lè gùn ún. Màámi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lò ń gun ọkọ̀ yìí, àbí òun ló ń gùn ọ́?"

A ò tíì pẹ́ tí a kúrò ní Èrúwà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀kẹ̀ níwájú. Mo rò pé òkúta ló wọ ibì kan. Ariwo náà ń le sí i. Lójijì, pàà! Ọwọ́ tó ń fi bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa á.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú 4Runner tèmi, ara ẹ́ńjìnnì ni fáànù wà, ẹ́ńjìnnì sì wà lórí ṣáàsì. Ṣùgbọ́n bọ́dì ló gbé rádíétọ̀, ara rádíétọ̀ sì ni ike ńlá tó yí fáànù ká wà. Nígbà tí bọ́dì gòkè ní ínǹṣì mẹ́ta, rádíétọ̀ àti ike rẹ̀ bá a gòkè. Fáànù ò lọ síbì kankan. Ó yẹ kí wọ́n já ike yẹn wá sísàlẹ̀ kó lè bá fáànù dọ́gba, wọn ò já a. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá mì nínú kòtò, fáànù máa ń ha ike náà, títí tí abẹ́ rẹ̀ kan fi kán, tó lọ lu rádíétọ̀.

Bí mo ṣe ń wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo tún rí irin stíárìn. Irin méjì ni, ọ̀kan wọ inú èkejì. Bọ́dì ti fa ọ̀kan sókè débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ kúrò lára wọn. Ẹ̀yin ará, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ronú eré tí mo ti sá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ronú Màámi tó jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n ń ka àdúrà. Bí irin yẹn bá yọ lórí eré, kò sí bí ẹ ṣe lè yí stíárìn tí táyà máa gbọ́.

Bọ́ọ̀sì la wọ̀ dé Ìbàdàn. Màámi ò sọ nǹkan kan títí a fi délé. Èyí tí wọn ò sọ yẹn dùn mí ju ìbínú lọ.

Ọkọ̀ náà ò kúrú

Nígbà tí mo fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ wálé, mo gbé e lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú gbogbo nǹkan yìí kúrò." Wọ́n tú u. Nígbà tí bọ́dì padà síbi tó wà, wọ́n mú téèpù. Wọ́n wọn ọkọ̀ náà láti àárín táyà dé etí mádígáàdì, níwájú àti lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ̀yìn kéré ju bó ṣe yẹ lọ, òsì sì kéré ju ọ̀tún.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí ò kúrú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Sípíríìn tí wọ́n fi ṣe é nígbà tó jáde ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti ru èèyàn, ó ti ru ẹrù, ó ti jókòó. Dá gíga tirẹ̀ padà fún un ná, kó o tó wá èyí tí kì í ṣe tirẹ̀."

Ká ní mo ti lọ sọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ ni! Ẹ̀yin tí ẹ ra tòkunbọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe nìyẹn. Ẹ ra téèpù, ẹ wọn ọ̀nà méjì: láti àárín táyà dé etí mádígáàdì, àti láti ilẹ̀ dé abẹ́ diff. Èkíní máa sọ fún yín bóyá sípíríìn ti jókòó. Èkejì máa sọ òótọ́ nípa ohun tó lè kọjá lábẹ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ bá yín gbé ọkọ̀ ga, ẹ bi í léèrè pé: nínú méjèèjì yìí, èwo lẹ máa yí padà?

Kí ni gbígbé ẹsẹ̀ ga ń ṣe?

Ìyẹn ni pé sípíríìn tó gùn tàbí tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu, máa gbé ṣáàsì àti bọ́dì kúrò lórí táyà. Níbí, abẹ́ ọkọ̀ gòkè lóòótọ́. Táǹkì epo gòkè, gíà gòkè, bọ́ńpà iwájú ò tún ní máa gbá òkè tí ẹ bá fẹ́ gùn.

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀dínwó ṣe é: wọn ò pààrọ̀ sípíríìn, irin roboto kan ni wọ́n kàn máa fi lé orí ṣọ́ọ̀kì iwájú. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Iwájú irú ọkọ̀ yìí, ṣọ́ọ̀kì ò jókòó sí ìparí apá ìsàlẹ̀, inú lọ́hùn-ún ló jókòó sí. Nítorí náà irin ínǹṣì kan lè gbé iwájú ọkọ̀ tó ínǹṣì méjì. Ẹni tí kò mọ̀, tó fi ínǹṣì mẹ́ta síbẹ̀, ti ya ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà nìyẹn. Irin CV tó ń yí táyà iwájú máa dagun jù, rọ́bà rẹ̀ máa fà ya, gíríìsì máa jò jáde, iyanrìn máa wọlé. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì náà ò ní pẹ́.

Fún irú ọkọ̀ tèmi, ínǹṣì méjì tàbí méjì àbọ̀ tó. Bó bá ju ìyẹn lọ, wọ́n lè ní láti pààrọ̀ apá òkè kí aláínmẹ́ǹtì tó lè bọ́ sí i. Aláínmẹ́ǹtì kì í sì í ṣe ohun tí ẹ máa sún síwájú o. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ ga ni kí ẹ ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà tuntun yín á sì jẹ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ ní kí wọ́n wo páìpù bíréèkì bóyá ó ṣì gùn tó. Ẹ ní kí wọ́n já iná iwájú wá sísàlẹ̀, torí bí imú ọkọ̀ bá gòkè, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni iná yín á máa wọ̀.

Ẹni tó ń kó ẹrù lójoojúmọ́ ló nílò sípíríìn líle. Bí ẹ bá rà á tí ẹ̀yin nìkan ń gun ọkọ̀, á máa jù yín sókè bí ìgbà tí wọ́n ń ku gàrí.

Ṣùgbọ́n diff ńkọ́?

Ìbéèrè tí mo bi Bàbá náà nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àṣù ẹ̀yìn 4Runner lọ tààrà láti táyà dé táyà. Sípíríìn ò lè gbé e, torí sípíríìn fúnra rẹ̀ ló jókòó lé e lórí. Táyà nìkan ló lè gbé diff kúrò nílẹ̀, ìdajì gíga tí táyà bá fi kún un ni diff sì máa rí gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà tèmi tẹ́lẹ̀ jẹ́ 265/65R17, gíga rẹ̀ tó mìlímítà 776. Mo bọ́ sí 265/70R17, tó ga tó mìlímítà 803. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27, ìdajì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 13. Ínǹṣì kan ò pé, ààbọ̀ ínǹṣì ni. Bí mo bá ní kí n lọ sí 285/70R17, diff máa gòkè ní bí ínǹṣì kan, ṣùgbọ́n táyà yẹn wúwo, á mu epo, bíréèkì á pẹ́ kó tó mú un, tí ojú eré bá sì sọ pé 100 ni mò ń sá, 107 ni mò ń sá ní ti gidi.

Ohun tí mo ṣe níkẹyìn nìyí: sípíríìn àti ṣọ́ọ̀kì tuntun tó gbé e ní ínǹṣì méjì, bọ́ọ̀ṣì tuntun, táyà 265/70R17, aláínmẹ́ǹtì, àti ibi ìtẹ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nítorí Màámi. Bàbá tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò gba owó: bí o bá rí òkúta tàbí kùkùté, má ṣe jẹ́ kó wà láàárín táyà méjèèjì. Bó bá ṣeé gùn, rọra fi táyà kan gùn ún. Táyà tó bá gùn ún máa gbé àṣù dání.

Ẹ dúró ná, ṣé jíìpù ni tiyín?

Àwa níbí, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ga díẹ̀ là ń pè ní jíìpù. RAV4 jíìpù, Highlander jíìpù, Pilot jíìpù. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ò ní ṣáàsì tó dá dúró. Bọ́dì wọn náà ni ṣáàsì wọn. Kò sí àárín tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ki nǹkan sí. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun máa fi sípéésà gbé bọ́dì RAV4 kúrò lórí ṣáàsì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin ará Lẹ́kí àti Àjáh, mo mọ̀ pé nítorí omi ni púpọ̀ nínú yín ṣe fẹ́ gbé ọkọ̀ ga. Àwa ará Ìbàdàn náà ò gbàgbé ìkún omi Ògùnpa ọdún 1980 àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011. Omi tó ń sáré, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, lè gbé ọ̀pọ̀ jíìpù lọ. Ínǹṣì méjì tí ẹ fi kún un ò ní yí ìyẹn padà. Ọkọ̀ tó ga, orí rẹ̀ wúwo, ó sì rọrùn fún un láti yí dànù ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Bí omi bá ti bo ojú ọ̀nà, ẹ padà sẹ́yìn.

Àbúrò mi, èsì rẹ rèé

Má tíì yan bọ́dì, má tíì yan ẹsẹ̀. Kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ rẹ. Wọlé sábẹ́ rẹ̀, kí o wo irin tó ti ha, kí o mọ ohun tó ń gbá ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé sípíríìn ló ti jókòó, pààrọ̀ wọn, kí o lò ó fún oṣù kan. Bó bá jẹ́ pé àárín abẹ́ rẹ̀ tàbí bọ́ńpà ló ń gbá, gbé ẹsẹ̀ ga ní ìwọ̀nba. Bó bá jẹ́ diff, táyà ni. Bó bá jẹ́ pé táyà tí o fẹ́ kò láyè, ìgbà yẹn ni kí o ronú bọ́dì, ínǹṣì kan. Bó bá sì jẹ́ pé o kàn fẹ́ kó dùn ún wò, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n sọ òótọ́ fún ara rẹ, kí o sì rántí ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn.

Lóṣù tó kọjá mo tún gbé Màámi. Wọ́n tẹ ibi ìtẹ̀sẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Èyí ṣe ìwọ̀n mi." Bí mo sì ṣe dé ibi kùkùté, mo fẹ́ ya stíárìn kí táyà lè gùn ún bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Mi ò rí kùkùté mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọkọ́ àti àdá hú u. Ó ní wákàtí kan péré ló gba òun.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò hú u látọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Ṣé o sọ fún mi ni?"

Ó tán o. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù, kó tó ra sípéésà. Ẹ wa ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.